Ìbò Kan Ṣoṣo Tí Bàbá Onígbàjámọ̀ Ní

Lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi àgbà, àfáà tó wàásù lẹ́gbẹ̀ẹ́ sàréè sọ pé onísùúrù ènìyàn ni wọ́n, pé wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn, pé ohun gbogbo tó bá dé ni wọ́n fi ń dúpẹ́. Mo bojú wẹ̀yìn, mo sì rí i pé kì í ṣe èmi nìkan ni mo ń pa ẹ̀rín mọ́ra nínú omijé. Bí bàbá mi bá lè gbọ́ ọ ni, wọn ì bá dìde jókòó láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Mo fẹ́ràn wọn, mo ṣì ń sunkún wọn, àmọ́ mi ò ní jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ bàbá mi sin bàbá ẹlòmíràn. Alátakò ni bàbá tèmi. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ eléyìí.

Ràúfù Àjàdí ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa ní Ìwó, Bàbá Onígbàjámọ̀ ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Orí ni wọ́n ń fá: orí ọmọ tuntun lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, orí ẹni tó ń lọ Mẹ́kà, orí àwọn bàbá tó ń múra ìrun Jímọ̀. Ṣọ́ọ̀bù wọn kò ju àga onígi kan, dígí tó ti là láàárín, àti àwọn abẹ tí wọ́n ń pọ́n lára awọ. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ní jẹnẹrétọ̀ àti orin. Bàbá mi kò bínú sí wọn. Wọ́n kàn ní kílípà kì í fá orí, pé ńṣe ló ń kùn lé e lórí bí eṣinṣin.

Ìwà wọn kan wà tó lé oníbàárà sá ju kílípà lọ. Bí ẹ bá jókòó lórí àga yẹn tí ọ̀rọ̀ sì di iyàn, wọ́n á dá abẹ dúró. Wọ́n lè ti fá apá òsì tán, kí apá ọ̀tún ṣì wà bí igbó, wọn kò ní fọwọ́ kàn án mọ́ títí ẹ ó fi gbà pé àwọn ló jàre. Tíṣà ìṣirò kan jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní òjò ayé àtijọ́ kò pọ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ. Bàbá mi gbé abẹ sókè, wọ́n ní kó tún un sọ. Tíṣà tún un sọ. Ìdajì orí ló gbé lọ síléèwé lọ́jọ́ náà, ó sì padà wá lọ́sàn-án láti wá gbà pé òjò àtijọ́ pọ̀ jù. Mo bi bàbá mi pé kí ló dé tí wọ́n fi dójú ti ọmọlúàbí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pọ́n abẹ wọn lọ, wọ́n ní, "Làtífù, orí tó bá wà lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ kì í jiyàn."

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá wọn jiyàn tí orí rẹ̀ sì ń pé. Àlàájì Ganíyù ni, aránfìlà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwọn ní òdìkejì títì. Onífìlà ni gbogbo ayé ń pè é. Ilé kéwú kan náà ni àwọn méjèèjì lọ, orí wàláà kan náà ni wọ́n ti kọ́ álífù, iyàn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kò sì tíì parí: ta ni ẹ̀gbọ́n? Kò sí ìwé ọjọ́ ìbí fún èyíkéyìí nínú wọn. Bàbá mi ní àwọn wà níbi ìsọmọlórúkọ Ganíyù, àwọn jẹ nínú ẹran ibẹ̀, àwọn sì rántí adùn rẹ̀. Onífìlà ní irọ́ ni, pé òun ni òun pọn Ràúfù sẹ́yìn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sóko. Bí wọ́n bá ti kírun Làsárì tán nírọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n á máa bú ara wọn, inú wọn á sì máa dùn.

"Ràúfù kò mọ orí fá," Onífìlà á wí fún ẹni tó bá ń kọjá. "Òun ló ń jẹ́ kí èmi rí jẹ. Ẹni tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, tipátipá ni yóò ra fìlà."

"Bí mi ò bá tún orí wọn ṣe," bàbá mi á dáhùn, "orí wo ni fìlà rẹ ì bá wọ̀?"

Àmọ́ ẹ gbọ́ o: bàbá mi kò dé fìlà aránfìlà mìíràn rí, Onífìlà kò sì jẹ́ kí abẹ ẹlòmíràn kan orí rẹ̀ rí. Ìyá mi àgbà sọ pé bí ara ọkọ àwọn kò bá yá, ẹnu Onífìlà ni àwọn ti kọ́kọ́ ń gbọ́ ọ. Wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Ọkọ kan ni mo fẹ́, méjì ni wọ́n gbé wálé fún mi."

Gọ́tà ló gbé ìṣèlú wọ àárín wọn. Gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì náà ti dí, bí òjò bá sì rọ̀, omi á yà sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó bá wù ú. Bàbá mi fẹ́ kí wọ́n ya á gba ìhà mọ́ṣáláṣí, Onífìlà fẹ́ kó gba ìhà ọjà. Iyàn náà kò tíì tán lórí bẹ́ǹṣì nígbà tí ìbò ìjọba ìbílẹ̀ dé, ni àwọn àgbà méjèèjì bá lọ gba fọ́ọ̀mù káńsẹ́lọ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ kéékèèké méjì tí a kò mọ àmì wọn títí dòní. Ẹnì kẹta wọn ni Táófíkì, ọmọkùnrin tó ń ta ṣájà fóònù. Ẹgbẹ́ ńlá ló fà á kalẹ̀, kò sì tilẹ̀ mọ̀ pé gọ́tà kankan wà.

Orí àga ni bàbá mi ti polongo ìbò tiwọn. Wọ́n á fá orí dé ìdajì, wọ́n á dá abẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, wọ́n á wá béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ta ni ẹ máa dìbò fún?" Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Gbogbo ẹni tó jókòó síbẹ̀ ló ṣèlérí, àwọn mìíràn tilẹ̀ fi Àlùkùránì búra láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí wọ́n búra. Lálaalẹ́ ni wọ́n ń wọlé wá sọ fún wa pé àwọn ti wọlé ìbò.

Ìyá Àgbà kìlọ̀ fún wọn. "Bàbá Múínà," wọ́n ní, nítorí Múínà ni orúkọ ìyá mi, "ẹ gbé abẹ sílẹ̀ ná kí ẹ tó bi wọ́n léèrè."

"Ìlérí ni ìlérí," bàbá mi fèsì, "ìbáà jẹ́ lórí gbígbẹ, ìbáà jẹ́ lórí ọlọ́ṣẹ."

Iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn gan-an la ti dìbò. Bẹ́ẹ̀ ló sì wà nínú ìwé ìjọba: Iwájú Ṣọ́ọ̀bù Onígbàjámọ̀ ni orúkọ ibùdó ìdìbò wa. Nígbà tí òṣìṣẹ́ elétò ìdìbò ka ìbò tán, ó kéde ti Táófíkì, ó pọ̀ débi pé àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń jó kó tó parí. Ó kéde ti Onífìlà: ọ̀kan. Ó kéde ti bàbá mi: ọ̀kan. Ó lẹ ìwé èsì mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Gọ́ọ̀mù ìwé náà kò tíì gbẹ tí Ìyá Àgbà fi ní, "Bàbá Múínà, èmi ni mo tẹ̀ka fún yín o." Oníbúrẹ́dì ẹ̀gbẹ́ wa ní òun ni. Ládánì ní òun ni. Tíṣà ìṣirò náà ní òun ni, ẹni tó yẹ kó mọ ìṣirò. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àdúgbò ló ti dìbò fún bàbá mi, ìbò náà kò sì kúrò ní ọ̀kan. Ti Ìyá Àgbà ni wọ́n gbà gbọ́, wọ́n ní ẹni tí à ń bá sùn nínú yàrá kan náà kì í purọ́ fún ni. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn yòókù, wọ́n ní, "Ọmọ kan ṣoṣo, ìyá rẹ̀ wá pọ̀ báyìí!"

Ibí yìí ni iṣẹ́ tèmi ti kan ọ̀rọ̀. Àwa ọ̀dọ́ mélòó kan la kó ara wa jọ lẹ́yìn ìbò náà, a ń lọ káàkiri Ìwó àti Ayédìírè, a ń ya fọ́tò ìwé èsì tó wà lára ògiri ibùdó kọ̀ọ̀kan. A ó tẹ èsì náà sínú kọ̀ǹpútà, a ó fi àmì sí ibi tí ibùdó wà lórí máàpù, a ó sì gbé gbogbo rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni lè wò ó láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ó dùn-ún sọ lẹ́nu. Ní Kuta, ewúrẹ́ ti jẹ ìwé èsì kan kí a tó dé. Olówó ewúrẹ́ náà fi wá lọ́kàn balẹ̀, ó ní èsì kò sọnù, inú ẹran ló wà, kí a ní sùúrù di Iléyá. Ní Olúpọ̀nnà, a béèrè ibi tí ibùdó kan wà gan-an, wọ́n ní abẹ́ òjìji ni. Láàárọ̀ ó wà lápá ibí, lọ́sàn-án ó ti sún lọ sápá ọ̀hún, àpótí ìbò àti àwọn olùdìbò sì jọ ń tẹ̀ lé e lọ ni. A fi àmì síbi òjìji àárọ̀. Fún ti Kuta, a kọ ọ́ pé èsì kò sí, a kò dárúkọ ewúrẹ́.

Nígbà tí mo ti Kuta dé lórí ọ̀kadà, mo bá bàbá mi ní ipò tí mi ò lè gbàgbé láéláé. Wọ́n ti gbé àga onígi wọn jáde, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri ibi tí ìwé èsì wà, abẹ sì wà lọ́wọ́ wọn. Ìyá Àgbà dúró níwájú wọn pẹ̀lú àkísà tútù. Ìyá fẹ́ fi omi bó ìwé náà kúrò kí ìtìjú má baà jáde kúrò ní àdúgbò, Bàbá kò sì gbà. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti wà nínú oòrùn yẹn. Bí ẹran bá sún mọ́ wọn, wọ́n á lé e. Bí ènìyàn bá sún mọ́ wọn, wọ́n á bi í bóyá ó fẹ́ fárí.

"Làtífù, bá mi bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀!" Ìyá Àgbà kígbe. "Ọ̀kan ni o! Ọ̀kan ni wọ́n fẹ́ kí gbogbo ayé wá wò!"

"Ya fọ́tò rẹ̀," bàbá mi wí fún mi. "Jẹ́ kó hàn dáadáa."

"Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ náà lẹ fẹ́ kó lọ sórí máàpù?"

"Bí ìwé yìí bá ya, òdo ni mo gbà. Ọ̀kan kì í ṣe òdo, ọmọ mi. Ènìyàn kan wà nídìí rẹ̀."

Mo ya fọ́tò náà. Nígbà tí Ìyá Àgbà fi ìbínú wọlé lọ, bàbá mi fọwọ́ pè mí sún mọ́ra, wọ́n fi abẹ tọ́ka sí orúkọ Onífìlà lára ìwé.

"Ṣé o rí ọ̀kan ti Ganíyù yẹn? Èmi ni mo tẹ̀ka fún un."

Mo ní, "Ẹ̀yin, Bàbá? Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń du ipò?"

"Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ṣé kí n wá máa tẹ̀ka fún ara mi bí ẹni tí kò lẹ́nì kan ni? Ọ̀rẹ́ mi ni mo dìbò fún. Mo wá jókòó síbí ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ń retí kó sọdá títì wá sọ pé ẹ ṣeun àná. Kò wá. Láti àárọ̀ yìí náà, kò wá."

"Báwo ni Bàbá Onífìlà ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀yin ni?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé èmi ni mo sọ pé òjò àtijọ́ kò pọ̀. "Ta ni ì bá tún jẹ́?"

Wọ́n wá ṣe ìṣirò wọn fún mi. Ọ̀kan tiwọn, Ìyá Àgbà ló ni ín. Ọ̀kan ti Onífìlà, àwọn ló ni ín. Ìka tí Onífìlà fúnra rẹ̀ wá tẹ̀ ńkọ́? Kò fún ara rẹ̀, kò sì fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Táófíkì oníṣájà ló gbé e fún! "Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́," wọ́n ní, "bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni." Wọ́n bọ́ fìlà orí wọn, iṣẹ́ ọwọ́ Onífìlà, wọ́n wọlé lọ fi kọ́ sára ìṣó.

Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti ń rìn láìdé fìlà nínú ìlú Ìwó. Ẹni tó bá mọ àwọn àgbà mùsùlùmí wa yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Aṣọ ìnura ni wọ́n ń dà borí lọ kírun. Lèmọ́mù pè wọ́n sẹ́yìn, ó ní ṣé kò sí wàhálà nílé. Bàbá mi ní kò sí, orí àwọn kàn ń gba afẹ́fẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ra fìlà tuntun wá fún wọn láti Ìbàdàn. Wọ́n gbà á, wọ́n ṣàdúrà sí i gbọọrọ, wọ́n sì ń kó ọṣẹ ìfárí sínú rẹ̀.

Ní òdìkejì títì, fìlà Onífìlà bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Bí oṣù ti ń gorí oṣù ni fìlà rẹ̀ ń gùn sí i, tó ń fẹ̀ sí i, títí ó fi di pé ó ní láti tẹ̀ ba kó tó lè wọ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn èèyàn ní ìgbéraga ni, pé ó ń fi ẹlẹ́nìkejì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bàbá mi gbà bẹ́ẹ̀ náà. Adìyẹ wá ń yé sábẹ́ bẹ́ǹṣì tí kò sẹ́ni tó ń jókòó lé mọ́. Ó ń dùn mí bí mo bá rí wọn nírọ̀lẹ́, kálukú níwájú ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, tí wọ́n ń wo títì kan náà láìwo ara wọn. Mo sọ ọ́ fún Bàbá lẹ́ẹ̀kan pé kí wọ́n kúkú sọdá lọ bá a. "Àbúrò ló ń sọdá wá bá ẹ̀gbọ́n," wọ́n ní.

Ó lé lọ́dún kan kí máàpù wa tó jáde. Èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ fi í hàn wọ́n lórí fóònù mi. Wọ́n fi dígí ojú wọn sí i, wọ́n béèrè bóyá ará Amẹ́ríkà lè rí ọ̀kan yìí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Èyí kò bà wọ́n lẹ́rù. "Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́?" wọ́n ní, ibẹ̀ ni àwọn àna wọn wà. Mo ní àwọn náà lè rí i. Wọ́n ní kò burú, òtítọ́ ni.

Ohun tí wọn kò gbà ni ibi tí àmì náà bọ́ sí. Orí ṣọ́ọ̀bù Onífìlà ni. Wọ́n ní báwo ni mo ṣe gbé ìbò àwọn lọ sílé ẹni tí àwọn kò bá sọ̀rọ̀. Mo sún un padà, ó kọjá ààlà, ó bọ́ sínú gọ́tà. Ọjọ́ kejì, Onífìlà ránṣẹ́ sí mi pé òun gbọ́ pé mo ti fi gọ́tà òun sórí máàpù lápá ti Ràúfù. Nígbà tí mo ṣe é tán, àárín títì ni àmì náà wà, ibẹ̀ ló sì wà dòní. Gbogbo ọlọ́kadà àdúgbò wa ló ń gun orí èsì ìbò kọjá.

Mi ò mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ àhesọ náà. Ohun tí mo kàn gbọ́ ni pé ọmọ ọmọ Onígbàjámọ̀ ti gbé ìbò sórí fóònù, pé bí èèyàn bá fi ìka tẹ àmì náà pẹ́, orúkọ ẹni tó dìbò fún kálukú yóò jáde. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi gbẹ mí. Mo ní ìkọ̀kọ̀ ni ìbò, pé kò sí orúkọ olùdìbò kankan lára ìwé tí a yà ní fọ́tò. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó mọ̀ máa ń sọ.

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú o, kì í ṣe èmi ni mo dìbò fún yín. Abẹ yẹn ló bà mí lẹ́rù nígbà tí ẹ fá orí ọmọ mi." Tíṣà ìṣirò wá, ó ní àṣìṣe ìṣirò ni. Ládánì ní kì í ṣe òun, àmọ́ òun gbàdúrà fún wọn lọ́jọ́ ìbò náà, àdúrà ọ̀hún kàn gbà fún ẹlòmíràn ni. Àwọn tó ṣèlérí tí wọn kò tilẹ̀ forúkọ sílẹ̀ ní àdúgbò wa wá. Bàbá mi jókòó sórí àga onígi wọn bí adájọ́, wọ́n ń dárí jì wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì rí i pé wọ́n ń gbádùn rẹ̀.

Ìyá Àgbà ló wá kẹ́yìn. Ìrọ̀lẹ́ ni, gbogbo èèyàn ti lọ, èmi nìkan ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá mi. Ìyá kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ti dàgbà kọjá ẹni tó yẹ kó máa kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

"Bàbá Múínà, Táófíkì ni mo tẹ̀ka fún. Òun ló bá mi tún fóònù mi ṣe. Ojú ló ń tì mí."

Mo di ara mú, mo rò pé ìjà ńlá ni yóò dé. Bàbá mi na ọwọ́, wọ́n fa Ìyá Àgbà dìde, wọ́n gbọn eruku kúrò ní orúnkún wọn, wọ́n ní ṣé oúnjẹ ti jinná. Nígbà tí Ìyá lọ tán, bàbá mi kọjú sí títì. Wọ́n wo ọ̀hún pẹ́. Onífìlà ń palẹ̀ mọ́, ó ń tẹ̀ ba wọlé pẹ̀lú fìlà ńlá rẹ̀ yẹn.

"Làtífù," wọ́n ní, "gbogbo ayé ló ti wá sọ pé àwọn kọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò tíì wá sọ ọ́."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti ọjọ́ ìbò. Wọ́n wọ inú yàrá lọ, wọ́n sọ fìlà wọn kalẹ̀ lára ìṣó, wọ́n gbọn eruku rẹ̀ nù. Mo ní ṣé wọ́n fẹ́ jáde ni. Wọ́n ní ilẹ̀ ti ṣú, pé àwọn kò fẹ́ kí ọkùnrin náà rò pé olè ló dé. "Lọ́la, bí Ọlọ́run bá fẹ́," wọ́n ní, "n ó dé fìlà."

Wọn kò jí kírun àsùbáà. Nígbà tí a wọlé bá wọn, fìlà náà wà lórí ìrọ̀rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn. Mo ti máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ pé ikú dóró, mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀.

Onífìlà wá síbi ìsìnkú, ẹ̀yìn gbogbo èèyàn ló dúró sí, ó sì ti lọ kí n tó rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tí mo rí i tó ń sọdá títì bọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní kí n dìde, kí n ṣí máàpù yẹn fún òun. Mo ṣí i. Ó wo ọ̀kan méjèèjì náà pẹ́.

"Ràúfù kú láìdúpẹ́ lọ́wọ́ mi," ó ní.

"Ọpẹ́ kí ni, bàbá?"

"Èmi ni mo ni ọ̀kan rẹ̀ yìí. Mi ò lè tẹ̀ka fún ara mi, ojú á tì mí, ọ̀rẹ́ mi ni mo tẹ̀ ẹ́ fún. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi ní ọjọ́ kejì, mo ń retí rẹ̀. Kò wá."

Mo bi í pé, "Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta lẹ rò pé ó dìbò fún yín?"

"Ìyàwó mi ló ní òun ni. Nígbà tí wọ́n ń sọ pé fóònù rẹ yóò tú àṣírí, òun náà wá jẹ́wọ́ pé òun kọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ ẹni tó kù. Àmọ́ mo ní kó kọ́kọ́ wá ná. Èmi ni ẹ̀gbọ́n."

"Bàbá wa náà ti mọ̀," mo ní. "Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ikú wọn, wọ́n sọ fìlà yín kalẹ̀, wọ́n gbọn eruku rẹ̀. Wọ́n ní lọ́la, bí Ọlọ́run bá fẹ́, àwọn máa dé e. Ẹ̀gbẹ́ orí wọn la ti bá a."

Ó fọwọ́ ti ògiri, níbi tí ìwé èsì wà nígbà kan rí. Ó sunkún, kò sì fi ojú pamọ́ fún mi.

"Ràúfù ni ẹ̀gbọ́n," ó wí nígbà tó ṣe. "Ó jẹ nínú ẹran ìsọmọlórúkọ mi lóòótọ́. Èmi ló yẹ kí n sọdá."

Ó jókòó sórí àga onígi bàbá mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé fìlà gíga náà kúrò lórí, irun funfun sì tú jáde lábẹ́ rẹ̀, ó dà sí etí, ó dà sí ọrùn, ó lọ́ pọ̀ bí òwú tí a kò tíì ran. Kò sí abẹ kankan tó ti kàn án láti ọjọ́ ìbò. Ó tẹrí ba síwájú dígí tó là náà, ó dúró.

Mo mú abẹ bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ awọ tí wọ́n fi ń pọ́n ọn.

"Bàbá, mi ò mọ orí fá."

"Bàbá rẹ náà kò mọ̀ ọ́n fá," ni Onífìlà wí. "Bẹ̀rẹ̀."